Ìgbà karùn-ún rèé tí London Marathon máa dá mi padà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti wọlé, ọ̀nà wo lẹ gbà?

Adéọlá SE18

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Ímeèlì ọ̀hún tí London Marathon, eré sísá ọlọ́nà jíjìn ti ìlú London, fi ń sọ pé wọn ò mú mi tún dé lánàá. Inú bọ́ọ̀sì ni mo wà, mò ń bọ̀ láti ṣíìfù alẹ́. Mi ò tíì ṣí i tí àyà mi ti ń já. Ìlà àkọ́kọ́ nìkan ni mo kà, mo ti fóònù bọ àpò. Ìgbà karùn-ún rèé.

Ẹ jẹ́ n sọ ìdí tó fi dùn mí tó báyìí. Ọdún tí mo kọ́kọ́ dé ìlú yìí, Woolwich ni mo ń gbé. Láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú kan lóṣù kẹrin, mò ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, mo bá rí i pé wọ́n ti dí títì pa. Inú bí mi, torí mi ò mọ ibòmíì tí mo lè gbà. Àfi bí àwọn sárésáré ṣe ya dé bí omi. Ọkùnrin, obìnrin, àgbàlagbà, ẹni tí kò ríran tí wọ́n fi okùn so ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ti ẹni tó ń mú un sáré. Obìnrin kan wà láàárín wọn tó jọ màmá mi gan-an, ó ti lé lọ́gọ́ta ọdún dáadáa, ó kọ orúkọ ẹnì kan sẹ́yìn aṣọ rẹ̀. Mi ò dé ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ náà. Mo dúró síbẹ̀ títí ẹni tó gbẹ̀yìn fi kọjá. Láti ọdún yẹn ni mo ti ń sáré, láti ọdún yẹn náà ni mo ti ń fi orúkọ sílẹ̀.

Ìbéèrè mi méjì rèé. Ṣé òótọ́ ni pé tí wọ́n bá ti dá èèyàn padà lẹ́ẹ̀marùn-ún, wọ́n máa gbà á wọlé lọ́dún tó tẹ̀ lé e? Ẹnì kan níbi iṣẹ́ ló sọ bẹ́ẹ̀ fún mi. Èkejì, ọ̀nà wo ló kù fún ẹni tí apá rẹ̀ ò ká £2,000 táwọn ẹgbẹ́ aláàánú ń béèrè kí wọ́n tó fún èèyàn láyè nínú eré náà? Owó ilé àti owó tí mò ń fi ránṣẹ́ sí Ìjẹ̀bú kì í jẹ́ kí nǹkan ṣẹ́kù.

Bàbá Ṣeun

Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Ẹni tó sọ ọ̀rọ̀ ẹ̀ẹ̀marùn-ún yẹn fún ọ ò parọ́, àmọ́ ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni. Òfin yẹn wà nígbà kan: tí wọ́n bá kọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀marùn-ún léraléra, ìgbà kẹfà tìẹ ni. Ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá tí wọ́n ti fagi lé e. Kèké lásán ni wọ́n ń ṣẹ́ báyìí, kèké ò sì mọ ẹni tó ti ń dúró látọjọ́ pípẹ́. Ìwọ tó o ti ń bọ̀ láti ọdún márùn-ún àti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ forúkọ sílẹ̀ lánàá, ọgbọọgba lẹ jọ wà.

Wá wo iye èèyàn tó ń dù ú. Fún eré ti 2024, èèyàn 578,304 ló forúkọ sílẹ̀. Fún 2025, ó di 840,318. Fún 2026 tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ọ padà yìí, 1,133,813 ni. Àwọn tó sì sá a parí lóṣù kẹrin 2025 jẹ́ 56,640, kò tíì sí márátọ́ọ̀nù tó ní tó bẹ́ẹ̀ láyé rí lọ́jọ́ náà. Gbogbo wọn pátá ni mo kà yẹn o, ẹni tí kèké mú, ẹni tí ẹgbẹ́ aláàánú mú wọlé, ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yá. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ sá a ní 1981, 6,255 ló parí. Nítorí náà, má rò pé nǹkan kan ló ń ṣe ìwọ. Èrò ló pọ̀.

Ohun kan wà tó o lè fi ran kèké rẹ lọ́wọ́. Nígbà tó o bá ń kọ fọ́ọ̀mù, wọ́n á bi ọ́ bóyá o fẹ́ fi owó ìwọlé rẹ tọrẹ bí wọn ò bá mú ọ. Bó o bá gbà, London Marathon Foundation ni owó náà ń lọ, àwọn tó ń náwó sórí eré ìdárayá fáwọn ọmọdé àti àdúgbò, wọ́n á sì da orúkọ rẹ sínú kèké ẹlẹ́ẹ̀kejì. Àwọn tó ń gbé UK nìkan ló wà fún. Owó yẹn kì í padà bọ̀ o, rò ó dáadáa. Mo ṣe é lẹ́ẹ̀kan, kò mú mi, àmọ́ kò dùn mí.

Àǹtí Rónkẹ́, Peckham

Àbúrò mi, má wulẹ̀ jókòó ti kèké. Kílọ́ọ̀bù ni kó o gbà. Kèké ò mú èmi rí láyé mi, mo sì ti gba orí Tower Bridge kọjá lẹ́ẹ̀mejì nínú eré yẹn.

Bó ṣe ń lọ nìyí. Kílọ́ọ̀bù eléré sísá tó bá wà lábẹ́ England Athletics, àjọ tó ń bójú tó eré sísá ní England, lẹ́tọ̀ọ́ sí àyè díẹ̀ nínú London Marathon lọ́dọọdún. Iye ọmọ ẹgbẹ́ tó bá forúkọ sílẹ̀ ló ń pinnu iye àyè tí wọ́n máa rí. Kílọ́ọ̀bù tiwa ò tóbi, àyè méjì la ní lọ́dún tó kọjá, àwa méjìlá la sì ń dù ú. Méjì nínú méjìlá. Wá fi ìyẹn wé iye tí Bàbá Ṣeun kà sílẹ̀ lókè yẹn.

Òfin kílọ́ọ̀bù kan yàtọ̀ sí ti èkejì, àmọ́ tiwa rèé: o gbọ́dọ̀ ti wọ ẹgbẹ́ ṣáájú ìparí oṣù kẹsàn-án, o gbọ́dọ̀ ti san owó England Athletics ti ọdún yẹn, o gbọ́dọ̀ ti bá wa ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, bíi kó o dúró ní ìkóríta níbi eré tí ẹgbẹ́ ṣètò, kó o pín omi, kó o mú àwọn tuntun sáré. Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni pé o gbọ́dọ̀ fi ímeèlì tí London Marathon fi kọ̀ ọ́ hàn. Mo bẹ̀ ọ́, má pa ímeèlì yẹn rẹ́! Ohun tó ń dùn ọ́ yẹn gan-an ni ìwé àṣẹ rẹ. Ọ̀rẹ́ mi kan fi ìbínú pa tiẹ̀ rẹ́, ìgbà tí oṣù kejìlá dé, kò rí nǹkan fi hàn, wọ́n yọ orúkọ rẹ̀.

Oṣù kejìlá yẹn ni wọ́n máa ń yàn. A jẹun Kérésìmesì tán, wọ́n kó orúkọ wa sínú fìlà òtútù kan, wọ́n ní kí ọmọ akọ̀wé wa, ọmọ ọdún méje, máa yọ ọ́. Ó yọ ìwé àkọ́kọ́, ó ń wò ó, kò mọ bó ṣe máa pè é. Mo ti dìde. Nínú gbogbo yàrá yẹn, orúkọ ta ni ọmọ òyìnbó ò ní lè pè?

Mo mọ̀ pé ẹ̀rù lè máa bà ọ́ láti lọ, torí ó ba èmi náà. Kílọ́ọ̀bù tí mo kọ́kọ́ lọ, alẹ́ kan nínú oṣù kọkànlá, wọ́n sáré fi mí sílẹ̀ lójú ọ̀nà tó ṣókùnkùn, kò sẹ́ni tó wẹ̀yìn. Mo fẹsẹ̀ rìn dé ibùdókọ̀ pẹ̀lú omijé. Mi ò padà síbẹ̀ mọ́. Ó tó oṣù mẹ́rin kí n tó gbìyànjú òmíràn, níbi tí mo wà títí dòní, ẹnì kan sì bá mi rìn, ó bá mi sáré, títí a fi parí. Bí ti àkọ́kọ́ ò bá bá ọ lára mu, tún lọ síbòmíì.

Tó ò bá tíì máa lọ sí parkrun, ibẹ̀ ni kó o ti bẹ̀rẹ̀. Àárọ̀ Sátidé, aago mẹ́sàn-án, kìlómítà márùn-ún, ọ̀fẹ́ ni. Wàá rí àwọn tó wọ ẹ̀wù kílọ́ọ̀bù wọn. Bi wọ́n léèrè bí àyè London ṣe ń lọ lọ́dọ̀ wọn, wọ́n á sọ fún ọ.

Túndé Leeds

Ẹnikẹ́ni ò tíì dárúkọ ẹsẹ̀ yíyá. Ọ̀nà kan wà tí wọ́n ń pè ní Good For Age, fáwọn tó ń gbé UK. Àyè 6,000 ni, ìdajì fún ọkùnrin, ìdajì fún obìnrin. Ọjọ́ orí kọ̀ọ̀kan ní àkókò tiẹ̀, àwọn ọ̀dọ́kùnrin gbọ́dọ̀ sá odindi márátọ́ọ̀nù láàárín àkókò tí kò pé wákàtí mẹ́ta. Àmọ́ kó o bọ́ sábẹ́ àkókò yẹn ò túmọ̀ sí pé o ti wọlé, torí àwọn tó yá jù ni wọ́n kọ́kọ́ ń mú títí àyè á fi kún. Ẹ̀gbọ́n mi bọ́ sábẹ́ rẹ̀ díẹ̀ báyìí, wọn ò mú un.

Àwọn tó tún yá ju ìyẹn lọ ń gba ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní Championship: ọkùnrin lábẹ́ wákàtí 2:40, obìnrin lábẹ́ wákàtí 3:14, wọ́n sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ọmọ kílọ́ọ̀bù.

Adéọlá, kí ni àkókò tẹ́ ẹ ń sá?

Adéọlá SE18

Ìdajì márátọ́ọ̀nù ni mo ti sá rí, 2:21 ló dára jù.

Túndé Leeds

Ẹ kú iṣẹ́. Ẹ fi ọ̀nà ẹsẹ̀ sílẹ̀ ná, kò ní ṣe yín lóore báyìí. Àmọ́ ẹ má jẹ́ kí London jẹ́ àkọ́sá yín dandan. Manchester, Brighton, Edinburgh, kò sí kèké níbẹ̀ nígbà tí mo ń wá àyè. Ẹni tó bá tètè sanwó ti wọlé nìyẹn. Manchester ni mo fi bẹ̀rẹ̀, mi ò lè gbàgbé rẹ̀ láé.

Ìyá Ìbejì, Dagenham

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí £2,000 yẹn lé ọmọ yìí sá kó tó gbọ́ bó ṣe rí.

Ẹgbẹ́ aláàánú ń rà àyè lọ́wọ́ àwọn tó ṣètò eré ni, ìdí nìyẹn tí iye tí wọ́n ń béèrè fi máa ń tó £2,000 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọn ò retí kó o mú un jáde látinú owó oṣù rẹ. Àwọn èèyàn rẹ ni wọ́n ń retí, èwo nínú wa ni kò léèyàn?

Ọdún àkọ́kọ́, ẹgbẹ́ ńlá kan tí gbogbo ayé mọ̀ ni mo kọ̀wé sí. Fọ́ọ̀mù wọn béèrè ìdí tí mo fi yan àwọn àti bí mo ṣe máa kówó jọ. Ìlà méjì ni mo kọ. Wọn ò mú mi, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀, torí èrò tó ń kọ̀wé sí wọn ò lóǹkà. Ọdún kejì, mo wá ẹgbẹ́ kékeré kan tó ń ran àwọn tó ní fòníkú-fọ̀ladìde lọ́wọ́. Àìsàn yẹn ló mú àbúrò mi ọkùnrin lọ nígbà tí mo wà ní yunifásítì. Mo kọ orúkọ rẹ̀ sínú fọ́ọ̀mù. Mo kọ bí bàbá wa ṣe máa ń gbé e sẹ́yìn lóru n'Ìbàdàn, tí màmá wa á gbé tọ́ọ̀ṣì síwájú, títí a ó fi rí mọ́tò tó máa gbé wa dé ọsibítù. Àyè méjì péré ni ẹgbẹ́ náà ní. Wọ́n fún mi ní ọ̀kan.

Bí mo ṣe kówó jọ rèé. Máìlì 26 ni eré náà àti díẹ̀, mo bá ń ta máìlì. £60 ni ọ̀kan. Ẹni tó bá ra máìlì kan ló máa sọ orúkọ ẹni tí mo máa sá máìlì yẹn fún. Àwọn tá a jọ jáde ní sẹ́kọ́ńdìrì ra mẹ́sàn-án láàárín ọjọ́ méjì lórí WhatsApp, gbogbo wọn tó wà ní Houston, Toronto, Lekki. Ẹgbẹ́ obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì wa ra mẹ́fà. Màmá àgbà kan tí ọkọ rẹ̀ kú lọ́dún yẹn ra ọ̀kan, ó ní kí n má sáré ní máìlì náà rárá, kí n rìn ín, torí bàbá kì í kánjú. Mo rìn ín lóòótọ́. Mo kọ gbogbo orúkọ sára tépù funfun, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọwọ́ mi láti ọrùn ọwọ́ dé ìgúnpá. Mo fi ti àbúrò mi sí máìlì 22, ibi tí gbogbo èèyàn sọ fún mi pé ẹsẹ̀ ti máa ń kọ̀.

Gbogbo máìlì tà, ó di £1,560. Mọ́ínmọ́ín tí mo ń tà lẹ́yìn ìsìn ló gbé ìyókù.

Àwọn ohun tó o gbọ́dọ̀ bi wọ́n kó o tó fọwọ́ sí ìwé: tí ẹni tó ń san owó orí ní UK bá fọwọ́ sí Gift Aid, ìjọba máa ń fi 25p kún £1 kọ̀ọ̀kan tó bá fi tọrẹ, àmọ́ ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ni kì í ka ìyẹn mọ́ iye tí wọ́n ní kó o mú wá. Bi wọ́n. Bi wọ́n pẹ̀lú pé tí owó ò bá pé ńkọ́? Ẹgbẹ́ kan tí mo kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀ ní kí n fi nọ́ńbà káàdì mi sílẹ̀ káwọn lè yọ èyí tó bá kù. Mo dìde kúrò níbẹ̀.

Má sì dúró de èsì kèké kó o tó kọ̀wé sí wọn. Ìgbà tí èsì bá jáde ni gbogbo àwọn tí wọ́n dá padà máa ń rọ́ lọ sọ́dọ̀ wọn lẹ́ẹ̀kan náà.

Nọ́ọ̀sì Àbẹ̀kẹ́

Mo kan fẹ́ kìlọ̀ fún gbogbo wa. Bó bá ti di oṣù kẹta, ẹ máa rí àwọn tó ń ta nọ́ńbà lórí Facebook àti WhatsApp. Ẹ má rà á. Ẹni tó ni nọ́ńbà gan-an ló gbọ́dọ̀ lọ gbà á ní ExCeL, gbọ̀ngàn ńlá kan ní London, pẹ̀lú ìwé ìdánimọ̀ tó ní fọ́tò. Ẹ̀yìn nọ́ńbà yẹn ni wọ́n ń kọ ọ̀rọ̀ ìlera ẹni sí: oògùn tó ń lò, ẹni tí wọ́n máa pè. Tó o bá ṣubú pẹ̀lú nọ́ńbà ẹlòmíì, ohun tó wà lára ìwé yẹn ni àwọn olùtọ́jú pàjáwìrì St John Ambulance máa fi tọ́jú rẹ, ilé ẹlòmíì ni wọ́n á sì pè. Mo ti ṣiṣẹ́ ní ẹ̀ka pàjáwìrì pẹ́. Mi ò fẹ́ rí i.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá sì wọlé tẹ́ ẹ wá rí oyún, ẹ má ta àyè yín fún ẹnikẹ́ni. Ẹ kọ̀wé sí wọn, wọ́n máa ń gbà kí aboyún tàbí ìyá ìkókó sún un síwájú.

Kúnlé Thamesmead

MyWay tí London Marathon ṣètò náà wà o. Ọjọ́ kan náà ni, máìlì 26.2 kan náà, àmọ́ àdúgbò rẹ lo ti máa sá a, ẹ̀rọ orí fóònù lá máa kà á, o sì ní wákàtí 24. Wọ́n máa ń fi mẹ́dàlì ránṣẹ́. Mo sá tèmi lẹ́bàá odò Thames, ìyàwó mi ń gun kẹ̀kẹ́ tẹ̀ lé mi pẹ̀lú omi àti ọ̀gẹ̀dẹ̀. Kò lè rí bíi ti ojú títì tí èèyàn ń pariwo orúkọ ẹni, mi ò ní parọ́. Àmọ́ mo sunkún nígbà tí mo parí.

Wálé, Surulere

Ẹ kú ìlú òyìnbó. Ẹni tó bá ń bọ̀ wálé lóṣù kejì, Lagos City Marathon ń dúró dè yín. Láti 2016 la ti ń sá a. National Stadium nílé wa níbí la ti ń gbéra, a ó gba orí Third Mainland Bridge, Eko Atlantic la máa parí sí. Kò sí kèké. Ẹ tètè forúkọ sílẹ̀, kẹ́ ẹ sì ti máa sáré nínú ooru kẹ́ ẹ tó wá, torí bí oòrùn bá bá yín lórí afárá, kò sí ìbòjì kankan.

Ìbéèrè tèmi: àwa tá a wà nílé ńkọ́ fún London?

Bàbá Ṣeun

Wálé, kèké wà fún ẹ̀yin náà, owó ìwọlé yín ló wọ́n ju tiwa lọ. Àwọn iléeṣẹ́ arìnrìn-àjò kan tún wà tí London Marathon fún láṣẹ láti ta àyè pọ̀ mọ́ hòtẹ́ẹ̀lì. Orí ìkànnì London Marathon gan-an ni kẹ́ ẹ ti wo orúkọ wọn, ẹ má gba ti ẹni tó kàn kọ̀wé sí yín. Ẹ sì jẹ́ kó yé yín pé àyè nínú eré ò túmọ̀ sí físà. Tí wọ́n bá kọ físà, owó rẹ̀ ò ní padà wá. Ẹ má ra tíkẹ́ẹ̀tì bàálù kí físà tó jáde.

Dúpẹ́, Brooklyn

Fáwọn tó wà lọ́dọ̀ wa níbí: ẹ wọ ẹgbẹ́ New York Road Runners, ẹ sá mẹ́sàn-án nínú àwọn eré wọn tó bá a mu láàárín ọdún kan, ẹ ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́ nínú ọ̀kan, àyè yín nínú New York City Marathon ti ọdún tó tẹ̀ lé e dájú nìyẹn. 9+1 ni wọ́n ń pè é. Ọdún kan gbáko ló gbà mí, mo sì ń sanwó eré kọ̀ọ̀kan, àmọ́ mo mọ ohun tí mò ń sáré lé. Ó tẹ́ mi lọ́rùn ju kí n máa retí ímeèlì lọ.

Adéọlá SE18

Ẹ ṣé gan-an ni, gbogbo yín. Mo ka ti Ìyá Ìbejì lẹ́ẹ̀mẹta. Mà, ẹ kú ìrọ́jú ikú àbúrò yín. Mo máa kọ̀wé sí ẹgbẹ́ kékeré méjì lọ́sẹ̀ yìí, mi ò ní kọ ìlà méjì.

Àǹtí Rónkẹ́, mo ti pa ímeèlì yẹn rẹ́ nínú bọ́ọ̀sì lọ́jọ́ yẹn kẹ́ ẹ tó kìlọ̀. Nígbà tí mo ka tiyín, mo sáré lọ wò ó nínú ibi tí wọ́n ń da ímeèlì nù sí. Ó ṣì wà níbẹ̀. Mo ti gbé e jáde, mo sì ti ya fọ́tò rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé mo lè wá sí kílọ́ọ̀bù tiyín? Mi ò ní ṣíìfù lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Ó kàn jẹ́ pé mi ò yára.

Àǹtí Rónkẹ́, Peckham

Máa bọ̀. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago méje ìrọ̀lẹ́. Mo ti fi àdírẹ́sì ránṣẹ́ sí ọ níkọ̀kọ̀. Mú omi dání, má sì jẹun púpọ̀ kó o tó jáde nílé. Èmi ló kàn láti kẹ́yìn àwọn sárésáré lọ́sẹ̀ yìí, ẹ̀yìn rẹ ni mo máa wà títí a ó fi parí.